Ohùn Omi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń gbé Ẹgbẹ́dá kó fíìmù MRI wá bá mi nílé wa ní Ìgàńdò. Ìdánwò pràímárì ló ń kàwé fún, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ fún dókítà tó bá fẹ́ di kọ̀ǹsọ́tánǹtì. Kò tíì fìdí balẹ̀ tó fi na fíìmù méjì sókè sí gílóòbù pálọ̀.

"Mọ́mì, orí ẹnì kan náà ni méjèèjì o. Ọjọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Omi àárín ọpọlọ dúdú kirikiri nínú eléyìí, ó tún funfun báláú nínú eléyìí. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ká há a sórí ni, mà. T1, omi dúdú. T2, omi funfun."

Ó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ya àwòrán inú ara. Ìyá X-ray làwọn ará àdúgbò ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí MRI ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Àhásórí yẹn gan-an ló wà lórí ọ̀pọ̀ dókítà tó ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí wa. Mi ò bú wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá há a sórí á máa rò pé fọ́tò ni ẹ̀rọ náà ń yà. X-ray ló jọ fọ́tò: ìtànṣán gba ara kọjá, eegun dí i lọ́nà, òjìji eegun sì hàn. Eegun ò lè funfun lónìí lórí X-ray kó dúdú lọ́la. MRI ò wo òjìji kankan. Omi ló ń bi ní ìbéèrè, tó sì ń dẹtí sí èsì rẹ̀. Bí ìbéèrè bá yí padà, èsì á yí padà, omi ò sì purọ́ nínú méjèèjì.

Ọmọ ọmọ mi ò jẹ́ ká gbádùn lọ́jọ́ náà. Ìdérí báírò ló fi ń ta òkòtó lórí táìlì. Mo ní kí dókítà wò ó dáadáa. Bí òkòtó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó dúró ṣánṣán. Nígbà tó bá yá, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì kiri bí ẹni tí oorun ń gbé. Ilẹ̀ ń fà á, yíyí tó ń yí ò sì jẹ́ kó ṣubú, ló bá ń fì yí ká. Ohun tí kóró inú háídírójìn ń ṣe nìyẹn bó bá bọ́ sínú òòfà. Háídírójìn sì rèé, òun ló kún inú omi, òun náà ló kún inú ọ̀rá, ara wa kò sì ju omi àti ọ̀rá lọ púpọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń rẹ òkòtó. Kì í rẹ kóró háídírójìn.

Òòfà ló ń pinnu iye ìgbà tó máa fì yí ká ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òòfà 1 tesla, ìgbà mílíọ̀nù 42.58 ni. Nínú 1.5 tesla, mílíọ̀nù 63.87. Nínú 0.3 tesla, bíi mílíọ̀nù 12.8. Dókítà mọ nọ́ńbà wọ̀nyí bí ẹní mowó, àmọ́ kò rò ó rí pé nọ́ńbà rédíò ni wọ́n. FM bẹ̀rẹ̀ láti 88, ó parí sí 108. Bond FM wà lórí 92.9. Bí ẹnì kan bá kọ́ òòfà 2.18 tesla, omi ara ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ á máa fì ní nǹkan bí ìwọ̀n Bond FM. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àṣé ìdí tí wọ́n fi ń fi bàbà bo ògiri yàrá MRI yíká nìyẹn. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn. Ìgbì rédíò lásán la fi ń bá omi sọ̀rọ̀, kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ "nuclear" wà nínú orúkọ iṣẹ́ yìí nígbà kan rí, nítorí kóró átọ́ọ̀mù tá à ń sọ yìí; wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí pé àwọn aláìsàn ń rò pé bọ́ǹbù ni.

Ohun kan wà tí ìwé kì í fi yé èèyàn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi Alímọ̀ṣọ́ ṣe é. Ìkànìyàn 2006 ní èèyàn 1,277,714 ló wà níbí. Ìjọba Èkó ò gba iye yẹn, èmi tí mò ń wọkọ̀ ní Ìkòtún náà ò gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀. Ká ní kóró háídírójìn ni gbogbo wa, tí wọ́n kó wa sínú òòfà 1.5 tesla, èyí tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìlọ́po lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tí à ń gbé lórí rẹ̀ lọ. Èèyàn á rò pé gbogbo wa la máa kọjú síbi tí òòfà kọjú sí. Rárá o. Ooru ara ń tì wá síwá sẹ́yìn, bíi ìdajì kọjú sókè, bíi ìdajì kọjú sílẹ̀. Tá a bá wá yọ àwọn ẹgbẹ́ kejì kúrò nínú ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, kí ló máa ṣẹ́ kù? Èèyàn mẹ́fà. Nínú gbogbo Alímọ̀ṣọ́! Nínú òòfà 0.3 tesla, èèyàn kan ṣoṣo.

Látọ̀dọ̀ àwọn mẹ́fà yẹn ni gbogbo àwòrán tẹ́ ẹ ń rí ti ń wá. Ohun tó kó wa yọ ni pé omi tí kò ju hóró ṣúgà kan lọ, mìlímítà kan lóròó, kan níbùú, kan ní gíga, ní háídírójìn tó pọ̀ débi pé ìṣẹ́kù yẹn nìkan á tó mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 330. Síbẹ̀, ohùn tó kéré ni. Tí dókítà bá ń bínú pé ẹ̀rọ kékeré ń pẹ́, tí àwòrán rẹ̀ sì ń ṣe wínniwìnni, kó rántí ẹni kan ṣoṣo yẹn. A ní láti bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ká tó gbọ́ ohun tó wí.

Báwo la ṣe ń bi í? Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jangílọ́fà rí mọ̀ ọ́n. Bó o bá tì í nígbà tó tọ́, ìka kan ti tó, á máa lọ sókè sí i. Bó o bá tì í nígbà tí kò tọ́, èjìká ló máa gbá ẹ. Ìgbì rédíò tí a bá rán sára gbọ́dọ̀ bá ìfì háídírójìn dọ́gba. Bó bá ti dọ́gba, àwọn òkòtó á dẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn á sì máa fì pa pọ̀ bí ẹgbẹ́ oníjó. Ìfì àpawọ́pọ̀ yẹn ló ń dún sínú wáyà tí a gbé sí ara aláìsàn. Ẹ̀rọ á pa ẹnu mọ́, á wá tẹ́tí.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò sì jọra. Ibẹ̀ ni àhásórí ti ń tan èèyàn.

Àkọ́kọ́ ni ìpadàsípò. Ẹ wo etí títì Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́, níbi táwọn ọlọ́jà ti tẹ́ ọjà débi tí ọkọ̀ kì í rọ́nà gbà. Tásíkífọ́ọ̀sì dé. Ariwo ta, olúkúlùkù kó ẹrù, ojú títì mọ́ fíò. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ta ló kọ́kọ́ ń padà? Ọmọ tó gbé ẹ̀pà sórí tíréè. Kí ó tó di pé ìyá onítòmátì tú agbọ̀n, tẹ́ tábìlì, na agboòrùn, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ọ̀rá ni ọmọ ẹlẹ́pà. Nínú òòfà 1.5 tesla, bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ni T1 rẹ̀, ìyẹn àkókò ìpadàsípò rẹ̀. Omi tó dá dúró, bí irú èyí tó wà láàárín ọpọlọ, ni ìyá onítòmátì. T1 tirẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí tásíkífọ́ọ̀sì bá wá ń padà dé ní gbogbo ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ta ló máa pariwo? Àwọn tó ti padà sórí títì ni. Onítòmátì ò tíì dé, kò lè pariwo. Ọ̀rá funfun, omi dúdú. Àárín ìgbà tí tásíkífọ́ọ̀sì ń wá sí ìgbà tí wọ́n tún ń wá ni àwa ń pè ní TR.

Mo fi fíìmù kan tí mo tọ́jú sílé hàn án, mo ti gé orúkọ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, ìbàdí ló ń dùn ún. X-ray tí wọ́n yà fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ò fi nǹkan kan hàn. Orí eegun itan yí róbótó, ó dán. Nínú T1 tiwa, mùdùnmúdùn orí eegun náà funfun nítorí pé ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, àfi okùn dúdú kan tó lọ́ yí apá òkè rẹ̀ ká bí ẹni fi òwú dí ẹnu àpò. Inú okùn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́. Eegun náà ò tíì wó, ìdí nìyẹn tí X-ray ò fi rí i. Dókítà gbé fíìmù náà sún mọ́ ojú, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìkejì ni ìtúká. Ká sọ pé à ń ṣe ìṣọ́ òru, ẹgbẹ̀rún èèyàn ń kọ orin kan náà, NEPA wá mú iná lọ. Kò sí dùrù, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a ò rí olórí akọrin mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn kan ṣì ni. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú á sáré síwájú orin, àwọn àgbà á máa wọ́ ọ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di kùmùkùmù. Kò sẹ́ni tó dákẹ́ o. Ìṣọ̀kan ohùn ló tú. T2 nìyẹn. Ohun tó ń tú u ni pé háídírójìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré fún aládùúgbò rẹ̀, ó ń dà á láàmú. Nínú omi tó lómìnira, aládùúgbò ò dúró lójú kan, ìdààmú òsì àti ti ọ̀tún ń pa ara wọn rẹ́, orin náà sì ń pẹ́ kó tó tú. Nínú iṣan tàbí ẹ̀dọ̀, omi há mọ́ra, bíi ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá ni orin á ti fọ́. Tí a bá wá mọ̀ọ́mọ̀ dúró díẹ̀, ká sọ ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ká tó tẹ́tí, omi nìkan ló ṣì ń kọrin ketekete. Omi funfun. Ìdúró yẹn ni TE.

Níbi tí ara bá ti ń ṣàìsàn, omi sábà máa ń pọ̀ síbẹ̀: wíwú, ọyún, jẹjẹrẹ. Raymond Damadian kọ ọ́ ní 1971 pé T1 àti T2 jẹjẹrẹ ara eku gùn ju ti ara tó dá ṣáṣá lọ. Ìdí tí dókítà fi ń sáré wo T2 nìyẹn. Ìdí tí mo sì fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe wo òun nìkan náà nìyẹn, torí omi tó wà níbi tó yẹ kó wà náà funfun, àpòòtọ̀ ńkọ́?

Òòfà fúnra rẹ̀ ò dọ́gba níbi gbogbo, ìyẹn náà sì ń tú orin ká kí àsìkò tó tó. Erwin Hahn rí ọgbọ́n rẹ̀ ní 1950. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń sáré. Fèrè dún, wọ́n gbéra, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá wà níwájú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo wà lẹ́yìn. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yíjú padà. Bí kálukú bá sáré bó ṣe sá a tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn á dé ojú ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Orin tó ti tú á tún ṣọ̀kan, fún ìgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé aládùúgbò ló da ọmọ kan láàmú lọ́nà, ìyẹn ò ní bọ̀ sípò.

Títí di ibí, a ti mọ ohun tí omi wí, a ò tíì mọ ibi tó ti sọ ọ́. Ohùn gbogbo ara ń wọlé pa pọ̀ ni. Ó ń dùn mọ́ mi pé èdè wa ti kọ́ wa ní apá yìí tipẹ́. Igbá, igba, ìgbà: lẹ́tà kan náà, ohùn ló pín wọn níyà, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó máa gbé igbá fún ẹ nígbà tó o béèrè igba. Ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara. Bí aláìsàn ti dùbúlẹ̀, a ó jẹ́ kí òòfà le díẹ̀ sí i níbi orí ju ibi ẹsẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí òòfà ti ń pinnu ìfì, omi ẹsẹ̀ á máa dún dò, ti ìbàdí re, ti orí mí, àti gbogbo ohùn tó wà láàárín wọn. Ọgbọ́n ìṣirò tí Joseph Fourier ará Faransé tẹ̀ jáde ní 1822 ni kọ̀ǹpútà fi ń tú wọn sọ́tọ̀: ohùn báyìí láti ibí, báyìí láti ọ̀hún. Ariwo gbà-gbà-gbà tí aláìsàn ń gbọ́ ni ti wáyà tó ń jẹ́ kí òòfà le níbi kan ju ibòmíràn lọ, iná ń sáré wọ inú rẹ̀, ó ń já kúrò, òòfà ńlá sì ń gbọ̀n ọ́n.

Paul Lauterbur ló gbé èyí jáde nínú Nature ní 1973, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn náà ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Òun àti Peter Mansfield ará Gẹ̀ẹ́sì ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Wọn ò pe Damadian mọ́ ọn, ló bá gba odindi ojú ewé nínú àwọn ìwé ìròyìn ńlá láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tó bá ti rí ìjà oyè rí nílùú wa ò ní bi mí pé kí ló ń bí i nínú.

Ìwé sábà máa ń gbà pé 1.5 tesla ni òǹkàwé ní. Àwa ńkọ́? Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀rọ MRI gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018: ẹ̀rọ 84 péré, 58 nínú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti Nàìjíríà àti ti Gánà ni òòfà rẹ̀ kéré gan-an sí 1.5 tesla. Iná ló fa apá kan rẹ̀. Wáyà tó ń ṣe òòfà 1.5 tesla wà nínú hílíọ́ọ̀mù olómi tó tutù dé ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo, ẹ̀rọ amúǹkantutù rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ sùn lóru. Bí iná bá lọ, tí dísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, hílíọ́ọ̀mù á máa hó lọ sójú ọ̀run, dọ́là la sì fi ń rà á. Òòfà kékeré tiwa jẹ́ irin òòfà gidi, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù, kò mọ̀ pé NEPA mú iná lọ.

Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Nílé àyẹ̀wò kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ tuntun kan rò pé ẹ̀rọ ti kú, ó ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà ti já. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀rọ. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, gáàsì ọ́síjìn tí wọ́n gbé wọ yàrá MRI fò lọ bá ọmọ ọdún mẹ́fà tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń bi ìyá àgbà léèrè nípa píìnì gèlè, ońdè, àti ọta ìbọn tó kù sára bàbá ọlọ́dẹ, kì í ṣe àtojúbọ̀.

Ilé àyẹ̀wò yẹn náà ni ìlà kan ti yọ sára gbogbo àwòrán wa fún ọjọ́ mẹ́ta, tó dà bí síìpù ṣòkòtò, tó gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn kọjá. A tú wáyà, a nu ilẹ̀kùn, a pe ẹnjiníà, ó ń da owó ọkọ̀ òfuurufú lé wa lórí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo gbójú sókè, mo rí i pé gílóòbù LED tuntun ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó kú. Mo pa á. Ìlà lọ. Gílóòbù kékeré yẹn ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan náà tí omi ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó sì ń bá aláìsàn dá sí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn dókítà mọ̀ nípa ẹ̀rọ kékeré pọ̀, mo sọ ẹyọ kan fún un. Ọ̀rá àti omi ò fì ní ìwọ̀n kan náà gan-an. Nínú 1.5 tesla, ìyàtọ̀ wọn tó ìgbà 220 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ lè dá ohùn ọ̀rá mọ̀ kó sì pa á lẹ́nu mọ́. Nínú 0.3, ìyàtọ̀ ò ju bíi 45 lọ, ohùn wọn ti súnmọ́ra jù. Síbẹ̀, wọ́n á kọ "fat sat" sórí fọ́ọ̀mù fún wa, ìyẹn pé ká pa ohùn ọ̀rá lẹ́nu mọ́. STIR la máa ń ṣe dípò rẹ̀. A ó kọ́kọ́ ti gbogbo ọlọ́jà kọjá sí òdìkejì títì. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, kálukú á gba àárín títì kọjá lásìkò tirẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́pà ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an la máa ń lé wọn. Kò sí lọ́jà, kò sí ní òdìkejì, ariwo tirẹ̀ jẹ́ òdo. Ọ̀rá á dúdú.

Ó fa fíìmù kẹta yọ nínú àpò. FLAIR ni. Omi àárín ọpọlọ ti dúdú níbẹ̀, àmọ́ àwọn àmì àìsàn kéékèèké tó wà lẹ́bàá rẹ̀ funfun bíi ti T2, kedere. Mo rí i tó ń wo òkòtó tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ṣírò owó ọjà.

"Mọ́mì," ó ní, "ìyá onítòmátì lẹ dúró dè léyìí. Ẹ jẹ́ kó dé àárín títì."